Àwo Kan, Ọbẹ̀ Mẹ́wàá: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Bùfẹ́ Tí Ó Yẹ Ìdílé Yín ní Peckham

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ti ń rí ní Peckham. Ìsìn ti parí, ebi ń pa àwọn ọmọ, ìyá kò sì fẹ́ padà sí ìdí ààrò lẹ́yìn tí ó ti wé gèlè mọ́rí láti òwúrọ̀. Kì í ṣe ìdílé kan tàbí méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Nígbà tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Roehampton ka ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó wà ní àgbègbè Southwark, èyí tí Peckham wà lábẹ́ rẹ̀, ìjọ 240 ni wọ́n rí nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2013. Ẹ fojú inú wo iye ènìyàn tí ó ń tú jáde sí ìgboro ní ọ̀sán ọjọ́ náà, kí ẹ tún fi àwọn ìdílé Mùsùlùmí wa kún un, tí àwọn náà ń lo ọjọ́ ìsinmi láti kó ọmọ jáde.

Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bùfẹ́ máa ń wọlé: oúnjẹ oríṣiríṣi tí a tẹ́ sórí tábìlì gígùn nínú àwo ńlá tí iná ń gbóná lábẹ́ wọn, tí ẹni kọ̀ọ̀kan yóò san iye owó kan, tí yóò sì máa bu ohun tí ó wù ú títí tí yóò fi yó. A kò ní sọ fún yín pé ilé oúnjẹ báyìí ni kí ẹ lọ, nítorí pé alásè a máa yí padà, owó oúnjẹ a sì máa gòkè láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí a fẹ́ ni kí ojú yín mọ èyí tí ó tó ná owó lé lórí. A sì gbà pé fún òbí tí ó ń tọ́ ọmọ Yorùbá ní ìlú Òyìnbó, àǹfààní tábìlì yìí ju pé kí ikùn kún lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọgbọ́n tí ó wà nídìí òwò náà. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Sweden ti ń tẹ́ oúnjẹ oríṣiríṣi sórí tábìlì kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n gbé àṣà yìí lọ sí Ìpàtẹ Àgbáyé tí ó wáyé ní New York ní 1939, ó wọ àwọn ará Amẹ́ríkà lójú. Ní àwọn ọdún 1940, hòtẹ́ẹ̀lì El Rancho Vegas ní ìlú Las Vegas ń ta oúnjẹ jẹ-títí-o-fi-yó ní dọ́là kan péré. Kì í ṣe ìfẹ́ àlejò ni ó mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n fẹ́ kí àlejò dúró ta tẹ́tẹ́ ni. Láti ìgbà náà, kò sí bùfẹ́ tí kò ní ihò tí èrè rẹ̀ ń gbà jáde. Ohun mímu ni èkíní. Ọ̀nà tí a fi to tábìlì ni èkejì: ìrẹsì, búrẹ́dì àti ọ̀dùnkún díndín ni ẹ óò kọ́kọ́ bá pàdé, ẹran àti ẹja yóò sì wà ní ìpẹ̀kun, níbi tí ẹ óò dé nígbà tí àyè kò sí nínú àwo mọ́. Àwo fúnra rẹ̀ kò sì tóbi. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yín tó mú ṣíbí, ẹ jọ rìn yí tábìlì náà ká lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ìrìn yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, òun ni ó sì ń gba owó ọ̀pọ̀ ènìyàn là.

Ẹ má ṣe retí pé gbogbo ilé oúnjẹ wa ni yóò ní bùfẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà ní Peckham àti ní Old Kent Road, àwo kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tà. Ilé oúnjẹ 805 tí ó wà ní Old Kent Road, tí òkìkí ẹja Monika rẹ̀ ti kàn dé ọ̀dọ̀ àwọn Òyìnbó pàápàá, inú ìwé oúnjẹ ni ẹ óò ti yan ohun tí ẹ fẹ́ jẹ. Bùkà tí a mọ̀ nílé sì sún mọ́ bùfẹ́ díẹ̀, nítorí pé ojú yín ni yóò rí ìkòkò, ẹnu yín ni yóò sì sọ pé kí wọ́n fi ṣàkì kan àti pọ̀nmọ́ méjì sí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ olóúnjẹ ni ìpọnbẹ̀ wà, òun ni ó sì mọ bí yóò ti jìn tó nínú ọbẹ̀.

Ìdí pàtàkì kan wà tí àwọn alásè wa fi ń lọ́ra láti tẹ́ bùfẹ́, ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n ni yóò mọ bùfẹ́ gidi yàtọ̀ sí àdàmọ̀dì. Oúnjẹ wa kan wà tí kò fẹ́ràn ìdúró. Bí àmàlà bá jókòó sínú àwo gbalasa fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀, yóò la awọ sójú, yóò sì le. Ewédú tí ó bá pẹ́ lórí iná, àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣú, kò sì ní fà mọ́. Gbẹ̀gìrì yóò ki títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dàbí ẹ̀kọ. Dòdò tí ó ń ta sánsán nígbà tí ó jáde nínú epo yóò rọ jọwọrọ lábẹ́ ìdérí. Ṣùgbọ́n ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù lè dúró, mọ́ínmọ́ín lè dúró, egúsí àti ayamáṣe sì wà lára àwọn tí ìdúró tún ń mú dùn sí i. Nítorí náà, bí ẹ bá wọ ilé kan tí ẹ rí òkìtì àmàlà tí a kó sójú kan bí ẹrẹ̀ amọ̀kòkò, ẹ rọra kí wọn, kí ẹ sì yí padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọbẹ̀ àti ìrẹsì nìkan ni wọ́n tẹ́ sórí tábìlì, tí wọ́n sì ń ro òkèlè nínú ilé ìdáná bí ẹni kọ̀ọ̀kan bá ti béèrè, àwọn wọ̀nyí mọ iṣẹ́. Ẹ tún wo ìwọ̀n àwo tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ jáde. Àwo kékeré tí a ń pààrọ̀ léraléra sàn ju àwo ńlá tí ó ti wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀ lọ.

Àwọn ará Íńdíà ti la irú ìṣòro yìí kọjá ṣáájú wa. Ní 1810 ni Sake Dean Mahomed, ọmọ bíbí Patna, ṣí ilé oúnjẹ Íńdíà sí Lọ́ńdọ̀nù; ní 1812, gbèsè ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ wo bí ó ti gùn tó kí òwò náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀! Lónìí, òpópónà Drummond, tí ó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin Euston, ti lókìkí láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn fún oúnjẹ ọ̀sán aláìlẹ́ran ti àwọn ará Íńdíà, bùfẹ́ sì wà lára ohun tí a mọ̀ ọ́n sí. Bọ́ọ̀sì 63 ń gba Peckham àti Old Kent Road lọ sí King's Cross, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Drummond fún ẹni tí ó lè fẹsẹ̀ rìn. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé àwọn ọbẹ̀ tí ó lè dúró ni wọ́n tẹ́ sórí iná, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn sì ń ti ilé ìdáná bọ̀ ní gbígbóná. Ọgbọ́n kan náà tí a sọ nípa òkèlè ni.

A kò mẹ́nu kan ibẹ̀ nítorí àbẹ̀wò lásán. Dáàlì tí wọ́n ń sè, ẹ̀wà tí a bó ni, tí a sè títí ó fi yọ́. Kí ni gbẹ̀gìrì bí kò ṣe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀? Ọmọ tí ó bá ti fi búrẹ́dì jẹ dáàlì láìjanpata kò ní sá fún gbẹ̀gìrì mọ́. Àwọn ìdílé Mùsùlùmí kò sì ní bẹ̀rù ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nínú ilé oúnjẹ tí kò ní ẹran rárá. Ní ilé bùfẹ́ àwọn ará Ṣáínà, ó yẹ kí ẹ béèrè, nítorí pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ṣíbí kan náà sì lè ti inú àwo kan bọ́ sínú òmíràn.

Ọ̀rọ̀ ṣíbí yìí mú wa dé orí ohun tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Láti oṣù Kejìlá 2014 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan pé kí olóúnjẹ lè sọ fún yín bí èyíkéyìí nínú ohun 14 tí ó ń ṣe àwọn ènìyàn ní ìjàǹbá bá wà nínú oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀pà wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ẹyin, wàrà, ẹja, àti àwọn ẹ̀dá omi bí edé àti alákàn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé edé kì í pariwo nínú ọbẹ̀ wa. A ti lọ̀ ọ́ mọ́ egúsí, a ti bù ú sínú ẹ̀fọ́, ó wà nínú mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀pà sì ni ó wà lára ẹran súyà. Bí ọmọ yín bá ní irú àìlera yìí, ẹ má ṣe gba "kò sí ńkankan níbẹ̀" lẹ́nu ẹni tí ó ń gbé àwo. Alásè gan-an ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n bu ti ọmọ náà láti inú ìkòkò nílé ìdáná. Ní tiwa o, bí àìlera náà bá le, ilé oúnjẹ tí ń ta àwo kọ̀ọ̀kan ni ó yẹ.

Òfin tún sọ pé ooru oúnjẹ gbígbóná tí a tẹ́ kalẹ̀ kò gbọdọ̀ wá sílẹ̀ ju ìwọ̀n 63 Sẹ́ḷ́ṣíọ́ọ̀sì lọ, àyàfi fún wákàtí méjì péré. Ẹ kò nílò irinṣẹ́ kankan: oúnjẹ tí kò rú èéfín nígbà tí ẹ ṣí i, ẹ fi í sílẹ̀. Àmì ìmọ́tótó, láti òdo dé márùn-ún, wà fún àwọn ilé oúnjẹ pẹ̀lú. Ní Wales, láti 2013 ni ó ti di dandan kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ní England, ẹni tí ó bá wù ú ni ó ń lẹ̀ ẹ́. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ béèrè.

Nípa owó, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò àpẹẹrẹ kan. Bí ti àgbàlagbà bá jẹ́ £20, tí ti ọmọdé sì jẹ́ £10, bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta yóò san £70 kí wọ́n tó mu omi. Bí wọ́n bá tún fi owó ìgbọ́njẹ ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún kún un, ó di £78.75. Owó ìgbọ́njẹ yìí kì í sábà jẹ́ dandan, ẹ sì lè sọ pé ẹ kò san án bí wọn kò bá tọ́jú yín. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ṣì kéré, tí ṣíbí mẹ́ta bá ti tó wọn, àwo méjì tí gbogbo yín jọ jẹ yóò dín owó kù ju bùfẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ilé tí ó ní ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá! Ẹni tí ó bá ń bọ́ irú rẹ̀ mọ ohun tí a ń wí. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ fi ike tí ẹ dì sínú àpò sílẹ̀ nílé. Ọ̀pọ̀ ilé bùfẹ́ kì í jẹ́ kí a gbé oúnjẹ jáde, ojú ọmọ yín ni yóò sì tì bí wọ́n bá bá yín níbẹ̀.

Wàyí o, a dé ibi tí ọkàn wa wà. Ilé oúnjẹ tí ń ta àwo kọ̀ọ̀kan kì í jẹ́ kí ọmọ dán nǹkan wò. Òbí kò ní ra àwo ìkọ́kọrẹ́ odidi fún ọmọ tí ó lè fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ṣíbí kan. Ọ̀dùnkún díndín àti adìyẹ ni yóò rà, nítorí pé ó mọ̀ pé yóò jẹ ẹ́. Báyìí ni ọmọ ṣe ń pé ogún ọdún láìmọ ìtọ́wò oúnjẹ ìlú baba rẹ̀. Lórí bùfẹ́, ṣíbí kan kò fi owó kún owó. Ẹ bá ọmọ ṣe àdéhùn pé yóò kọ́kọ́ tọ́ ohun kan tí kò jẹ rí wò kí ó tó bu èyí tí ó mọ̀, kí ẹ má sì bínú bí kò bá dùn mọ́ ọn. Ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún un ní Yorùbá, kí ẹ sì sọ ibi tí ó ti wá. Ìkọ́kọrẹ́ tí a fi ewùrà sè ń sọ nípa Ìjẹ̀bú. Láfún ń sọ nípa Ẹ̀gbá. Iyán ń sọ nípa Èkìtì. Gbẹ̀gìrì àti ewédú ń sọ nípa Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Ìrẹsì ọ̀fadà sì ń jẹ́ orúkọ ìlú Ọ̀fàdà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Tábìlì kan ṣoṣo lè jẹ́ àwòrán ilẹ̀ Yorùbá fún ọmọ tí kò tíì débẹ̀ rí.

Bí ìyá àgbà bá wà pẹ̀lú yín, yóò yà á lẹ́nu pé òun ni yóò dìde bu oúnjẹ ara òun bí ẹni tí kò lọ́mọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dìde. Ọmọ ni kí ẹ rán, kí ó lọ béèrè ohun tí màmá fẹ́, kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún bù ú, kí ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá lórí ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀ díẹ̀, kí ó tó lọ bu tirẹ̀. Àwọn tí ó jókòó nítòsí yóò wò yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò.

Ẹ tẹ̀ wọ́n láago kí ẹ tó jáde, kí ẹ béèrè ọjọ́ tí bùfẹ́ wà, wákàtí tí yóò bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ orí tí wọ́n ń ka ọmọ sí àgbàlagbà. Ẹ gbìyànjú láti débẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú ọgbọ̀n tí wọ́n bá ṣí i, nígbà tí ohun gbogbo ṣì jẹ́ tuntun. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ọmọ kan nínú wọn padà lọ bu ewédú lẹ́ẹ̀kejì, ẹ gba Rye Lane kọjá nígbà tí ẹ bá ń lọ sílé. Àwọn ìsọ̀ tí ń ta èlùbọ́ wà níbẹ̀, ọmọ náà ni kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbé e.