Ẹnà àti Ìbuwọ́lùwé nínú Owó Bitcoin

Ẹnà ni èdè tí a yí padà kí àjèjì má baà gbọ́ ọ. Bí oníṣòwò méjì ní ọjà Mile 12 bá fi ẹnà sọ iye apẹ̀rẹ̀ ata kan, oníbàárà yóò gbọ́ ohùn wọn, kò ní mọ iye náà. Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ nìkan ló lè tú ẹnà.

Owó Bitcoin, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2009, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan ní Kétu bá fi í ta tẹ́tẹ́, iye owó náà àti nọ́ńbà àpò tó ti jáde wà nínú ìwé ìṣirò tí gbogbo ayé lè kà. Orúkọ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ kò fi nǹkan kan pa mọ́: ìbuwọ́lùwé ló ń ṣe, láti jẹ́rìí pé olówó ló ná owó rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a bá mọ ẹni tó ni nọ́ńbà náà, gbogbo ohun tó ti fi í san látẹ̀yìnwá di mímọ̀.

Nítorí náà, kò tọ́ kí a pe ìbuwọ́lùwé ní ẹnà. Ẹnà ń bo ọ̀rọ̀; ìbuwọ́lùwé ń jẹ́rìí sí i.