Ìyá Bísí Kì Í Ṣe Ìyá Bísí Nìkan: Ọ̀rọ̀ Lórí Orúkọ Dráífà Wáyálẹ́ẹ̀sì

Ẹni tó bá gun Òkè Patti ní Lọ́kọ́ja yóò gbọ́ pé orí òkè yìí ni Flora Shaw dúró sí, tó ń wo ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé, kí ó tó sọ ilẹ̀ wa ní Nàìjíríà. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ti jáde nínú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1897, ọdún márùn-ún kí ó tó fẹ́ Lugard. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Royal Niger Company nìkan ló ń wá orúkọ fún. Èkó kò sí níbẹ̀. Ọdún 1914 ni orúkọ kan náà tó wá bo gbogbo wa.

Bí ọ̀rọ̀ dráífà ti rí nínú kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń lo kọ̀ǹpútà àlòkù tí a fi Linux sí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín, nítorí owó lè ṣòfò níbẹ̀.

Dráífà tí mò ń wí kì í ṣe awakọ̀. Ògbufọ̀ ni, láàárín kọ̀ǹpútà àti chip tó ń gba Wi-Fi. Bí ògbufọ̀ kò bá gbọ́ èdè chip náà, Wi-Fi kò ní ṣiṣẹ́, bó ti wù kí ó wọ́n tó.

Chip tó jáde láti ilé-iṣẹ́ kan náà sábà máa ń jọra bí ọmọ ìyá. Àwọn tó kọ dráífà fún chip Ralink kò kọ odindi tuntun fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kó ohun tó jọra sí ibi kan, wọ́n pè é ní rt2x00. X yẹn dúró fún nọ́ńbà tó ń yí padà. Lábẹ́ rẹ̀ ni rt2500pci, rt61pci, rt73usb àti àwọn yòókù wà. Iṣẹ́ náà wọ inú Linux ní ọdún 2008. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí a bá tún àbùkù kan ṣe nínú ilé ńlá, gbogbo ọmọ ló jẹ nínú rẹ̀.

Ibi tó ti ń dàrú ni orúkọ. A máa ń pe obìnrin ní Ìyá Bísí nítorí àkọ́bí rẹ̀, síbẹ̀ Kúnlé àti Ṣadé náà ń jẹun nínú ìkòkò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni rt2800usb ń bá RT2870, RT3070 àti RT5370 ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń wá dráífà tó ń jẹ́ “rt5370” yóò wá a títí. MediaTek ra Ralink ní ọdún 2011, orúkọ kò yí padà.

Ti Intel yàtọ̀ díẹ̀. Chip 4965 ni wọ́n fi sọ iwl4965 lórúkọ. Nígbà tí àwọn chip ìdílé 5000 dé, dráífà kan náà gbà wọ́n mọ́ra, nọ́ńbà orúkọ rẹ̀ kò sì bá wọn mu mọ́. Wọ́n sọ ọ́ di iwlagn, lẹ́yìn náà iwlwifi. Ní ọdún 2011, wọ́n kó 4965 àti 3945 lọ sí abẹ́ orúkọ mìíràn, iwlegacy. Lójú tèmi, iwlwifi dára jù, orúkọ ìdílé ni. “Legacy” yẹn kò wù mí, nítorí ohun tí a pè ní tuntun lónìí náà yóò gbó.

Èyí tó ń jẹ owó ènìyàn jù ni páálí. Ẹ wo TL-WN722N ti TP-Link: ẹ̀yà kìíní lo chip AR9271 ti Atheros, dráífà rẹ̀ ni ath9k_htc. Láti ẹ̀yà kejì, chip Realtek ló wà nínú rẹ̀. Orúkọ kan náà ni lára páálí, ṣùgbọ́n àwọn chip méjèèjì kò bára tan rárá.

Nítorí náà, ẹ ní kí ọlọ́jà jẹ́ kí ẹ fi í sínú kọ̀ǹpútà Linux kan kí ẹ tó sanwó. Ẹ tẹ lsusb. Bí ẹ bá rí 148f:5370, 148f ni Ralink, 5370 ni ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà yìí ni Linux fi ń yan dráífà, kì í wo páálí. Bí ẹ bá sì tẹ modinfo rt2800usb, gbogbo nọ́ńbà tó mọ̀ ni yóò tò síwájú yín.