Hábátù-Sáúdà: Ẹ̀yin Oníṣòwò, Ẹ Ṣọ́ Ẹnu Yín

Ta ni ń gbé Adéwọlé, ní Ìlọrin wa yìí, tí kò mọ hábátù-sáúdà? Bí a bá kírun Jímọ̀ tán, a ó rí i lórí àtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dàbínù àti tùràrí: hóró rẹ̀ nínú ọ̀rá, òróró rẹ̀ nínú ìgò kékeré. Ìpolówó rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: "Gbogbo àrùn ló ń wò, Ànábì ló sọ bẹ́ẹ̀!" Ọ̀rọ̀ yìí yẹ ká gbé yẹ̀ wò, nítorí ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Òótọ́ ni pé Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, sọ pé ìwòsàn gbogbo àrùn wà nínú hóró dúdú yìí, àfi ikú. Bùhárí kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Nínú ìwé kan náà ni a ti kà nípa Ghalib ọmọ Abjar, ẹni tí àìsàn ṣe lójú ọ̀nà Mẹ̀dínà. Ibn Abi Atiq bẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí wọ́n mú hóró márùn-ún tàbí méje, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n fi òróró pò ó, kí wọ́n máa kán an sí ihò imú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: iye wà, ọ̀nà lílò sì wà.

Àwọn àgbà àlùfáà ti là á yé wa. Al-Khattabi, ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, sọ pé ọ̀rọ̀ náà gbòòrò lẹ́nu, ṣùgbọ́n àwọn àrùn tí ọ̀rinrin ń fà ló ń tọ́ka sí. Ibn al-Qayyim, tó kú ní 1350, fi í wé ọ̀rọ̀ Àlùkùránì nípa ìjì tó pa àwọn ará Ádì run. "Gbogbo nǹkan" ni a gbọ́ níbẹ̀, síbẹ̀ ilé wọn ṣẹ́kù.

Ní 1963, M. El-Dakhakhny, onímọ̀ ará Íjíbítì, yọ èròjà tí wọ́n ń pè ní thymoquinone láti inú òróró rẹ̀. Ìwádìí lára ènìyàn sì ti fi hàn pé hóró yìí lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí o! Ẹni tó bá torí rẹ̀ da oògùn dókítà nù, ẹ̀jẹ̀ ríru lè rọ ọ́ lápá, rọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá sì ń lo méjèèjì pọ̀ láìsọ fún dókítà, ṣúgà rẹ̀ lè wálẹ̀ jù, kó dákú. Kí aláboyún náà béèrè kó tó mu òróró rẹ̀. Ti ẹni tó wọ́n hóró díẹ̀ sórí búrẹ́dì bíi ti àwọn ará Íjíbítì, tàbí sínú ọbẹ̀ bíi ti àwọn ará Íńdíà, oúnjẹ nìyẹn.

Ó kù sọ́wọ́ ẹ̀yin oníṣòwò. Ànábì wa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò kó èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn rí i. Ó sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń rẹ́ni jẹ kò sí lára wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó fi hóró àlùbọ́sà lú hábátù-sáúdà, nítorí àwọn méjèèjì jọra lójú. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà, ẹ fi ọwọ́ ra á kí ẹ gbóòórùn rẹ̀: ojúlówó yóò ta sánsán, ti àlùbọ́sà kò ní ta bẹ́ẹ̀.

Ẹnu ọlọ́jà náà, òṣùwọ̀n ni. Ẹni tó bá sọ fún alárùn ṣúgà pé kó fi ilé ìwòsàn sílẹ̀, òṣùwọ̀n rẹ̀ kò pé, bí ọ̀rá rẹ̀ tilẹ̀ kún dẹ́nu. Nígbà tí àwọn ará oko bi Ànábì bóyá kí àwọn máa tọ́jú àìsàn, ó ní kí wọ́n máa tọ́jú ara wọn, nítorí Ọlọ́run kò dá àrùn kan láìdá oògùn rẹ̀, àfi ogbó. Ọlọ́run tó dá hóró dúdú ló dá oògùn inú ilé ìwòsàn pẹ̀lú.

Kí Ọlọ́run Ọba fi àlùbáríkà sí ọjà wa, kó sì fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.