Fọ́tò ọkọ̀ tuntun: Kí danfó Kétu tó fara ha á

Bí èèyàn bá ra ọkọ̀ ní Kòsọ́fẹ́, yálà ní Kétu, Ìkòsì tàbí Mile 12, àdúrà àti fọ́tò ló máa ń ṣáájú. Àwọn ará ilé á ní, “Ọlọ́run á jẹ́ ká fi rìnrìn ire,” wọ́n á sì béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa wẹ ọkọ̀ náà. Lẹ́yìn èyí ni ọlọ́kọ̀ yóò fara ti bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á yà á.

Tòkúnbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn, bíi Toyota Camry ọdún 2007 tí wọ́n sọ ní “Muscle”, ṣùgbọ́n tuntun ni lójú ẹni tó rà á.

Fọ́tò yìí kì í ṣe fáàrí lásán. Láàrin danfó tó ń já èrò àti ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó tòmátì wọ ọjà Mile 12, ọkọ̀ kì í pẹ́ ní àpá. Fọ́tò ni yóò máa rántí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó délé.

Òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ Àìkú ni wíwà á máa ń dùn, nígbà tí kò sí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ. Láti Kétu, awakọ̀ á gba Ọ̀jọ́ta àti Ògùdù já sí Ọ̀wọ́rọ̀ńṣòkí, á bọ́ sórí afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí lọ́dún 1990, tó gùn tó kìlómítà 11.8. Ibẹ̀ ni ìdùnnú ti ń ṣubú lu ayọ̀.

Ibẹ̀ náà ni ewu wà fún ẹni tó ń fi ọwọ́ kan wakọ̀, tó ń fi èkejì ya fọ́tò. Iwájú ilé ni kí a ti ya fọ́tò. Bí a bá dé títì, ká gbájú mọ́ ọ̀nà.