Okùnfà: Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan àti Ìtàn Ogun Kírìjì

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni ọ̀rọ̀-àpèjúwe Gẹ̀ẹ́sì náà, "causal". A ń lò ó fún ìbátan tí ó wà láàárín ohun méjì nígbà tí ọ̀kan bá fa èkejì. Èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀-àpèjúwe kan ṣoṣo tí ó dúró fún un. Ọ̀rọ̀-ìṣe "fà" ni a ní, àti ọ̀rọ̀-orúkọ "okùnfà", tí a lè fi ṣe ẹ̀yán: "ìbátan okùnfà". Ọ̀rọ̀ wa yìí rán wa létí pé okùn gbọ́dọ̀ wà, kí ó sì fa nǹkan ní tòótọ́. Àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé àkùkọ ni ó fa ojúmọ́.

"Nítorí" pàápàá kò bá a dọ́gba. "Nítorí òjò ni mo ṣe pẹ́" sọ okùnfà; "Nítorí àwọn ọmọ mi ni mo ṣe ń ṣiṣẹ́" sọ ète.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyàtọ̀ yìí wo ìtàn ilé wa. Ní ọdún 1878, Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkè-Ìmẹ̀sí, tí kò jìnnà sí Arámọ̀kọ́. Ogun Kírìjì gbóná. A tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ogun kò tú ká títí di 1893. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà nínú ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé: "Fábùnmi ni ó fa ogun Kírìjì."

Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó kó Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà àti Àkókó wọ Èkìtì Parapọ̀? Ìjà ẹnì kan kò lè kó wọn jọ. Ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀ tí wọ́n ń gbà ti dun ìlú púpọ̀ fún ọdún pípẹ́. Igbó ti gbẹ. Fábùnmi ni ó ṣáná sí i.

Níbí ni atúmọ̀-èdè ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Bí a bá wí fún ènìyàn pé, "Ìwọ ni o fà á," ẹ̀bi ni a dá a. "Causal" kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó kàn ń tọ́ka sí okùn ni. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò di ẹrù ogun ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé orí ọkùnrin kan, yóò sì gbàgbé ìjọba tí ó mú ọ̀bẹ dé ọrùn àwọn ìlú.