Kí ẹ tó ra kápúsù próstéètì fún Dádì, ẹ bèèrè ẹ̀rí

Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Màmá mi ni. "Dádì rẹ ò lè tọ̀ o. Láti ìrọ̀lẹ́ ni. Ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ ti le gbagidi." Nígbà tí mo fi máa dé ilé wọn, bàbá ẹni ọdún 68 tí mi ò rí kó sunkún rí ti di ògiri mú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ojú ìtọ̀ rẹ̀ dé inú àpò ìtọ̀. Ohun tó jáde ju lítà kan lọ. Dádì mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọlọ́run, o ṣeun." Dókítà sọ pé próstéètì rẹ̀ ló tóbi tó fi fún ọ̀nà ìtọ̀ pa. Ó bèèrè oògùn tó ń lò. Màmá mi ṣí báàgì, wọ́n kó ike kápúsù mẹ́ta jáde.

Èmi ni mo ra gbogbo wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni o, èmi tí mo kàwé òfin. Mo rí ìpolówó rẹ̀ lórí fóònù, mo ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀: bàbá ẹnìkan ti ń sùn mọ́jú, ẹ̀gbọ́n ẹlòmíì ò jí lóru mọ́. Mo sanwó, wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Bí ẹlẹ́rìí bá dìde ní kóòtù tó ní "mo gbọ́ lẹ́nu lágbájá pé", èmi ni n óò kọ́kọ́ fò sókè: ẹ̀rí àgbọ́sọ nìyẹn! Àmọ́ nígbà tó kan ara bàbá mi, mo gba àgbọ́sọ wọlé láì bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tá à ń sọ. Próstéètì jẹ́ ẹran kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, àárín rẹ̀ sì ni ìtọ̀ ń gbà kọjá. Bí ọkùnrin ṣe ń dàgbà ló ń tóbi sí i. Tí ọkùnrin bá fi máa pé 60, nǹkan bí ìdajì wọn ló ti máa ń ní i. Títóbi yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n méjèèjì lè wà lára ẹnìkan náà, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí dókítà yẹ èèyàn wò. Àwọn àmì rẹ̀ ni jíjí lóru láti tọ̀, ìtọ̀ tí kò lágbára mọ́, àti kí èèyàn tọ̀ tán kó tún máa ṣe é bíi pé ó ṣẹ́ kù.

Nígbà tí ara Dádì balẹ̀, mo wá ka ẹ̀yìn ike náà. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni saw palmetto. Àwòrán àgbàlagbà onífìlà ni wọ́n yà síwájú rẹ̀, wọ́n ní àṣírí àwọn baba ńlá wa ni. Ẹ gbọ́ ná: irú ọ̀pẹ kúkurú kan tó ń hù ní Florida àti agbègbè rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni saw palmetto. Baba ńlá ta ni?

Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ni igi náà ti gbé e lọ sí kóòtù tiwọn. Ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine ní 2006. Ọkùnrin 225 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n pín wọn sí méjì: àwọn kan ń lo saw palmetto, àwọn yòókù ń lo kápúsù tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní oògùn kankan nínú. Àwọn tó ń lò ó ò mọ èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, àwọn tó ń yẹ̀ wọ́n wò náà ò mọ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, kò sí ìyàtọ̀.

Àwọn kan ní bóyá ìwọ̀n rẹ̀ ló kéré. Ó dáa. Ní 2011, ìwádìí mìíràn jáde nínú JAMA, pẹ̀lú ọkùnrin 369. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un títí ó fi di ìlọ́po mẹ́ta, fún ọ̀sẹ̀ 72. Ìbéèrè méje ni wọ́n fi ń wọn ìnira náà, máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 35, bó bá ṣe pọ̀ sí ni ìyà náà ṣe pọ̀ sí. Máàkì àwọn tó lo saw palmetto wálẹ̀ pẹ̀lú 2.20. Ti àwọn tí kò lo nǹkankan wálẹ̀ pẹ̀lú 2.99.

Ẹ tún un kà. Ara àwọn tó ń gbé kápúsù òfìfo mì náà fúyẹ́ díẹ̀! Àìsàn yìí máa ń le lónìí kó tún rọlẹ̀ lọ́la, ìrètí náà sì máa ń mú kí ara tuni. Nítorí náà, àwọn tó kọ̀wé sábẹ́ ìpolówó yẹn lè máà purọ́ rárá. Ara lè tù wọ́n lóòótọ́, kó má sì jẹ́ pé kápúsù ló ṣe é.

Ṣé oògùn tó ṣiṣẹ́ wá wà? Ó wà. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2003 tẹ̀ lé ọkùnrin 3,047 fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́rin. Doxazosin dín bí àìsàn náà ṣe ń le sí i kù pẹ̀lú ìdá 39 nínú 100, finasteride pẹ̀lú 34, àwọn méjèèjì pa pọ̀ sì jẹ́ 66. Finasteride, yálà òun nìkan tàbí pẹ̀lú èkejì, dín ewu kí ìtọ̀ dí pátápátá kù. Ohun tó gbé wa dé ilé ìwòsàn lóru gan-an nìyẹn. Àwọn oògùn wọ̀nyí náà ní ìyọnu tiwọn: doxazosin lè mú kí òòyì kọ́ni téèyàn bá dìde, finasteride lè ṣàkóbá fún eré orí ibùsùn, ó sì ń mú kí àyẹ̀wò PSA, tí wọ́n fi ń fura sí jẹjẹrẹ, wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Dókítà ló yẹ kó kọ ọ́ fúnni, kì í ṣe èmi.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ "ìwádìí". A ò tíì gbàgbé Kano ní 1996, nígbà tí Pfizer fi oògùn Trovan dán àwọn ọmọdé tó ní àrùn yírùnyírùn wò, tí àwọn òbí ní wọn ò ṣàlàyé fún àwọn. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn ò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ní 2009 ó gbà láti san owó fún ìpínlẹ̀ Kano. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2014 wá sọ ọ́ ní gbangba pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi èèyàn ṣe ìwádìí láìṣàlàyé fún un kó sì gba àṣẹ rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta kápúsù tí kò sẹ́ni tó mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ló ń fi bàbá wa ṣe? Ìwádìí náà ni. Kò kàn gba àṣẹ, kò kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀, àwa la tún ń sanwó rẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n yọ rọ́bà yẹn fún Dádì. Ó ti ń lo oògùn tí wọ́n kọ fún un, ẹ̀ẹ̀kan ló ń jí lóru báyìí. Mo bi í pé, "Dádì, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi pé ó ti le tó bẹ́ẹ̀?" Ó wo ilẹ̀. "Lọ́yà, ṣé ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ni kí n máa bá ọmọbìnrin mi sọ?"

Ìtìjú yẹn ni àwọn oníkápúsù ń tà. Ẹ pe bàbá yín lálẹ́ òní, ẹ bi wọ́n pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń jí lóru. Tó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀, ẹ mú wọn lọ rí dókítà. Tí ìtọ̀ bá dí pátápátá, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ta nǹkan fún yín, ẹ bi í ní ìbéèrè tí èmi ò bi: ẹ̀rí dà?