Kí Ẹgbẹ́ Tó Ra Píkọ́ọ̀pù Tòkunbọ̀



Láàrin Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, bí òjò bá rọ̀, ẹ̀gẹ́ a jókòó sóko nítorí ẹrẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì wa mọ píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 dunjú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń fà á. Inú ẹrẹ̀, Toyota Hilux tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà ló tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ọ̀dà tuntun kò gbọdọ̀ tàn yín jẹ.

1. Ẹ bá ẹ́ńjìnnì ní tútù. Bí ẹni tó ń tà á bá ti mú un gbóná, ẹ padà lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ: bí ọ́ìlì bá rí bí ògì, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Èéfín aláwọ̀ aró tí kò dáwọ́ dúró ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ń jó ọ́ìlì.

2. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀. Ẹ fi òòlù kékeré kan ṣáásì. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ṣeé pààrọ̀. Ṣáásì tó ti jẹrà kò ṣeé lẹ̀.

3. Ẹ dán jíà ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò nínú iyanrìn tàbí ẹrẹ̀, kì í ṣe lórí ọ̀nà ọlọ́dà tó gbẹ. Bí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà níbẹ̀, irin inú jíà lè bàjẹ́.

4. Mẹkáníìkì tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ mú wá ni kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù sì pé kí akápò tó sanwó.

Ẹ ya owó ọ́ìlì, bẹ́líìtì àti táyà sọ́tọ̀. Owó àjọdá ni. Ẹ má fi ìkánjú ná an.